Àgbàbọ̀ Ṣòkòtò Ní Télọ̀ Tirẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí òǹkọ̀wé yín kan kọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn nípa àwa tí à ń kọ orin olórin, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní kọ́fà. Ó ní ọ̀lẹ ni wá. Ó wá fi òwe dè é mọ́lẹ̀: àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni; rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Òwe yẹn dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo gé abala ìwé ìròyìn náà, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara dúrù mi. Ìbéèrè kan péré ni mo ní fún un: ṣé ibi tó ń gbé kò ní télọ̀ ni?

Ọdún 26 ni mo fi ṣe ẹlẹ́gbè kí n tó fi ìtàgé sílẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ni tèmi, ohùn tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí àfi lọ́jọ́ tí kò bá sí níbẹ̀. Orin tí ẹgbẹ́ wa fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá láàárín ọdún wọ̀nyẹn kò ju 11 lọ. Mo lè fi ìka ọwọ́ kà wọ́n bí mo bá yá ìka kan kún un. Gbogbo ìyókù, orin olórin ni. Wọ́n wà nínú ìwé àjákọ mẹ́ta tí etí wọn ti ká: ọ̀rọ̀ orin lápá òsì, kíì tí a fi kọ ọ́, ìyẹn bí a ṣe gbé ohùn orin náà ga tó, lápá ọ̀tún, àti nísàlẹ̀, pẹ̀lú bírò pupa, ohun tó bàjẹ́ lọ́jọ́ tí a kọ ọ́. Bírò pupa yẹn ni n óò kà fún yín. N kò sọ pé òǹkọ̀wé yín parọ́. Ọ̀pọ̀ kọ́fà ni kò ṣeé gbọ́. Àmọ́ yíyá kọ́ ló ń bà á jẹ́, yíyàn ni.

Ojú ewé àkọ́kọ́ tó ní bírò pupa, ìtìjú tèmi ló wà níbẹ̀. Ọdún 1994 ni, mo jẹ́ ọmọ ọdún 23. Ọ̀gá wa ní kí n wá lé orin kan fúnra mi, ìgbà àkọ́kọ́ tí màá kúrò lẹ́yìn tí màá bọ́ síwájú. Kí ni mo yàn? I Will Always Love You, bí Whitney Houston, akọrin Amẹ́ríkà, ṣe kọ ọ́ ní 1992. Ọ̀sẹ̀ 14 ni orin yẹn fi jókòó sókè téńté lórí àtẹ orin Amẹ́ríkà. Èrò mi ni pé orin tó ti ta tó báyẹn, iṣẹ́ ti parí lára rẹ̀. Kí n ṣáà la ẹnu.

Bí ẹ bá rántí, ohùn lásán ló fi bẹ̀rẹ̀, kò sí dúrù, kò sí ìlù. N kò sọ fún onídúrù pé kó tẹ bọ́tìnnì kan fún mi kí n fi mọ ibi tí màá gbé e lé. Mo gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ, n kò sì mọ̀, torí ìbẹ̀rẹ̀ orin náà tutù, ó ń tan èèyàn. Nígbà tí onídúrù máa wọlé, ó wá mi kiri lórí dúrù títí ó fi rí mi, ó sì rí mi níbi tí kò yẹ kí n wà. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orin náà mọ ohun tó ń bọ̀: gbogbo nǹkan á dákẹ́ rọ́rọ́, ìlù á dún gbì lẹ́ẹ̀kan, kíì á sì fò sókè. Nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, láti kíì A ló ti fò lọ sí kíì B tó ga jù ú lọ. Èmi ti wà ní B kí fífò tó dé. Ibi tó wá kù kí n fò sí, ohùn mi ò bá mi dé ibẹ̀.

Ìlù dún. Mo la ẹnu. Atẹ́gùn ló jáde. Àwọn ẹlẹ́gbè ẹgbẹ́ mi ló kó mi yọ. Wọ́n gba orin náà lẹ́nu mi, wọ́n fi ohùn bò mí bí ìgbà tí a bá ju aṣọ bo ẹni tó ṣubú lójú agbo. Ọ̀gá mi ò bá mi wí. Nígbà tí à ń ká wáyà ló bi mí pé, "Ìwọ yìí, kí lo lọ yá?" Mo ní, "Orin ni, sà." Ó ní, "Rárá o. Ohùn lo lọ yá. Orin ò ṣe ẹ́ ní nǹkan kan."

Oṣù mélòó kan kọjá kí n tó gbọ́ bí ẹni tó ni orin náà ṣe kọ ọ́. Dolly Parton ló ṣẹ̀dá rẹ̀, ó sì gbé e jáde ní 1974, nígbà tó ń fi Porter Wagoner sílẹ̀, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ orin. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ olólùfẹ́ tó já ara wọn jù sílẹ̀ ló bí i. Ìdágbére ẹni tó ń kúrò níbi iṣẹ́ láìfẹ́ jà ni. Jẹ́jẹ́ ló ń kọ ọ́. Nígbà tó dé ẹsẹ kẹta, kò tilẹ̀ kọ ọ́ mọ́, ó ń sọ ọ́ lásán ni. Sísọ! Ẹsẹ tí mo ti ń di ẹ̀gbẹ́ mú láti pariwo rẹ̀, ẹni tó ni ín ń sọ ọ́ bí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tí ẹrù rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀. Mo tún orin náà kọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú kíì tó relẹ̀, mo sì sọ ẹsẹ kẹta bí Dolly ṣe sọ ọ́. Kò sí bírò pupa lójú ewé yẹn.

Láti ìgbà náà, n kì í yan orin láìgbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn mẹ́ta ó kéré tán, ẹni tó ni ín sì gbọ́dọ̀ wà lára wọn. Ọmọdébìnrin kan tí mo ń kọ́ lórin bá mi jiyàn láìpẹ́ yìí pé ẹgbẹ́ olórin UB40 ló ni orin Red Red Wine. Mo ní Neil Diamond ni, akọrin Amẹ́ríkà tí kì í ṣe onírẹ́gè. Ó ní kò lè jẹ́, rẹ́gè ni. Mo dárí jì í, nítorí àwọn UB40 gan-an, nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ ní 1983, ohun tí wọ́n mọ̀ ni bí Tony Tribe ṣe sọ ọ́ di rẹ́gè ní 1969. Wọn ò mọ̀ pé Neil Diamond tí gbogbo ayé mọ̀ ló ni ín. Àìmọ̀ gbè wọ́n. Kì í gbe gbogbo èèyàn o.

Ẹ tún wo orin Hallelujah. Leonard Cohen gbé e jáde ní 1984, ariwo rẹ̀ ò pọ̀. Nígbà tí John Cale fẹ́ kọ ọ́ ní 1991, ó ní kí Cohen fi ọ̀rọ̀ orin náà ránṣẹ́ sí òun. Ojú ìwé 15 ló rí gbà. Ó jókòó, ó ṣà á, ó mú ìwọ̀nba ẹsẹ tí ẹnu rẹ̀ lè sọ, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ti Cale ni Jeff Buckley gbọ́ tó fi kọ tirẹ̀ ní 1994, ti Buckley yìí sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ọ́ lónìí fi kọ́ra. Télọ̀ méjì ló ti fọwọ́ kan ṣòkòtò yẹn kó tó dé ẹsẹ̀ wọn, wọn ò sì mọ̀.

Orúkọ orin náà tún máa ń tan èèyàn. Ọmọ tó bá mi jiyàn lẹ́ẹ̀kan yẹn fẹ́ lọ kọ ọ́ níbi ìsìn. Mo ní kó kọ́kọ́ kà á sí mi létí bí ẹni ń ka lẹ́tà, kó má fi ohùn orin sí i. Ibi tó ti dárúkọ Dáfídì, ó kà á dáadáa. Obìnrin tó ń wẹ̀ lórí òrùlé, ó kà á, ohùn rẹ̀ ń relẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ àga ìdáná, ó gbé ojú sókè, ó ní, "Mọ̀mí, kí ni wọ́n ń ṣe níbí?" Mo ní kó lọ bi pásítọ̀ rẹ̀. A wá orin mìíràn.

Kíkà yẹn ni ìdánwò tí n kì í fò. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ orin náà lẹ́nu lásán fún ẹnì kan tó mọ̀ yín dénúdénú. Bí ojú bá ń tì yín, tàbí tí ẹni náà bú sẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ, ohùn dídùn ò ní lè bò ó. Orin máa ń jẹ́ kí èèyàn sọ ohun tí kò gbà gbọ́ láìfura. Àwọn tó ń gbọ́ a máa fura.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí ìgbà tí màá dé ọ̀dọ̀ Aretha Franklin, akọrin obìnrin Amẹ́ríkà nì. Ẹlẹ́gbè wo ni kò ní dé ibẹ̀?

Otis Redding ló ṣẹ̀dá orin Respect, ó sì gbé e jáde ní 1965. Nínú tirẹ̀, ọkùnrin tó ti ibi iṣẹ́ dé ló ń sọ̀rọ̀: owó rèé, ìwọ náà bọ̀wọ̀ fún mi bí mo bá wọlé. Orin tó dáa ni, n kì í bú u. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1967, Aretha wọ ibi ìgbohùnsílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Erma àti àbúrò rẹ̀ Carolyn. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ọkùnrin, wọ́n fi sẹ́nu obìnrin, owó náà sì bọ́ sọ́wọ́ obìnrin. Aretha pe lẹ́tà ọ̀rọ̀ náà níkọ̀ọ̀kan, R-E-S-P-E-C-T, èyí tí kò sí nínú ti Otis rárá. Wọ́n fi àárín kan kún orin náà, níbi tí King Curtis ti fun fèrè, torí ti Otis ò ní irú àárín bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ègbè ni kẹ́ ẹ fi etí sí. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń lu tábìlì fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́. Nínú ti Otis, ègbè ò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́. Nínú ti Aretha, àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn ò jẹ́ kó nìkan sọ ọ́: wọ́n ń tì í lẹ́yìn, wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n tún ń pe ìnagijẹ rẹ̀ léraléra bí ìlù, "ree, ree, ree, ree". Ohun tó jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnì kan nínú ilé rẹ̀ wá di àṣẹ tí odidi agbo ń pa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń sọ orin ẹlòmíràn di tẹni, ẹ má wulẹ̀ wá ibi tó jìnnà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn yín lórí ìtàgé. Bí ẹ ò bá ní ẹlẹ́gbè, ẹ má yan orin tí ègbè ló gbé e dúró. Ẹ óò dá bí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè tó tún ń dá ara rẹ̀ lóhùn.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ gbé e, ọ̀gá wa ní òun fúnra òun lòun máa lé e, àwa obìnrin ń gbè é bí àwọn Franklin ṣe gbè é. Ohun tí bírò pupa kọ síbẹ̀ ni: "Ọ̀gá ń bẹ̀bẹ̀, àwa ń pàṣẹ. Ta ni wọ́n fẹ́ gbọ́?" Ọ̀gá wa ka ìwé mi lọ́jọ́ kan tí n kò sí níbẹ̀. Kò bínú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé máìkì fún ọ̀kan nínú wa, ó lọ dúró síbi ìlù.

Télọ̀ kì í gbé àlùmọ́gàjí ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí Luke Combs, olórin kọ́ńtírì Amẹ́ríkà, kọ Fast Car ní 2023, orin tí Tracy Chapman gbé jáde ní 1988, kò yí i padà kúrò ní ọ̀rọ̀ obìnrin. Ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti pe ara rẹ̀ ní ọmọbìnrin tó ń gba owó nídìí káúńtà, ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun ọkùnrin onírùngbọ̀n. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú tèmi, ìtàn ẹlòmíràn ló ń sọ, ó sì jẹ́ kí a mọ̀ pé ti ẹlòmíràn ni. Lọ́dún yẹn náà ni ẹgbẹ́ olórin kọ́ńtírì Amẹ́ríkà fún Chapman ní àmì-ẹ̀yẹ Orin Ọdún, ọdún 35 lẹ́yìn tó gbé e jáde. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ yẹn. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn méjèèjì jọ kọ ọ́ lórí ìtàgé àmì-ẹ̀yẹ orin Grammy. Ẹ wo ojú Combs lọ́jọ́ náà, ẹ óò rí ojú ẹni tó mọ̀ pé onílé wà níkàlẹ̀.

Orin tún ní ọjọ́ orí. Trent Reznor, akọrin Amẹ́ríkà, kò tíì pé 30 ọdún nígbà tó gbé orin Hurt jáde ní 1994. Johnny Cash, àgbà olórin kọ́ńtírì, ti pé 70 nígbà tí tirẹ̀ jáde ní 2002, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ọdún tó tẹ̀ lé e ló sì kú. Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí kan nípa adé ló yí padà, ó sọ ọ́ di adé ẹ̀gún. Bí ẹ bá yọ ìyẹn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Síbẹ̀, lẹ́nu ọ̀dọ́, ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun ti ba ayé òun jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Lẹ́nu àgbàlagbà, ẹni tó ń wẹ̀yìn wo ohun tó ti bàjẹ́ ni. Reznor fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé orin náà kì í ṣe ti òun mọ́. Nítorí náà, bí ọmọ ọdún 19 bá wá bá mi pé òun fẹ́ kọ ọ́ bíi Cash, mo máa ń ní kó lọ kọ ọ́ bíi Reznor. Ó dìgbà tó bá darúgbó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀fun díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn jù. Bálùwẹ̀ kì í ṣe adájọ́. Ogiri rẹ̀ ń pọ́n èèyàn lé. Ẹ wá ibi tó ga jù nínú orin náà, kì í ṣe ibi tó dùn jù, kẹ́ ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra, ní ìrọ̀lẹ́ tó ti rẹ̀ yín, lórí ìdúró. Bí ẹ̀kẹta bá ṣì dọ́gba, ẹ lè mú un lọ sórí ìtàgé, níbi tí ọ̀fun á ti gbẹ, tí àyà á sì máa já. Bí kò bá dọ́gba, ẹ sọ kíì kalẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Orin ọkùnrin tó bá bọ́ sí ohùn obìnrin lè gba pé kí onídúrù sún bọ́tìnnì mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó ka funfun àti dúdú pọ̀. Kẹ́ ẹ tún yẹ ìsàlẹ̀ wò, torí mo ti gbọ́ ẹni tó sọ kíì kalẹ̀ nítorí ègbè, tí gbogbo ẹsẹ wá di kíkùn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú irọ̀rí.

Àwọn orin kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló gbé wọn dúró. Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò, kó ku ẹ̀yin, àtẹ́wọ́ àti ohùn. Bí orin náà bá ṣì ń dá dúró, orin ni. A ti kọ ọ̀kan rí tó jẹ́ pé jìtá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo èèyàn mọ̀, oníjìtá wa sì ṣàìsàn lọ́jọ́ náà. A lò ju ìṣẹ́jú kan lọ níwájú èrò tí kò mọ ohun tí à ń kọ. Ègbè ló gbà wá.

Ẹ tún sá fún orin tí ọ̀nà rẹ̀ ti kún. Mo ṣe adájọ́ níbi ìdíje kan tí akọrin mẹ́sàn-án ti wá, mẹ́rin nínú wọn ló kọ orin kan náà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀kẹrin dáa jù. N kò lè búra, etí mi ti kú nígbà tó fi dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gbèrò láti tú orin òyìnbó sí Yorùbá kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, mo kí yín, iṣẹ́ ńlá ni. Èdè wa ti ní ohùn tirẹ̀ kí orin tó dé bá a. Níbi tí orin bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹ bá fi "ọkọ mi" síbẹ̀, ọkọ̀ lẹ óò máa kọrin ìfẹ́ fún. Bó bá ń gòkè, ọkọ́ ni, ẹ ti di àgbẹ̀. Mo lo ọjọ́ mẹ́fà lórí ìlà mẹ́rin rí, nígbà tí mo sì parí rẹ̀, ìtumọ̀ náà ò jọ ti àtijọ́ mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, àmọ́ kò sí ẹni tó fún mi láṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì fi í sínú àpótí.

Àṣẹ yẹn, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bí ẹ bá kọ orin olórin lójú agbo, ẹni tó ni gbọ̀ngàn ló sábà máa ń sanwó fún ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn tó ṣẹ̀dá orin gba ẹ̀tọ́ wọn. Bí ẹ bá gbà á sílẹ̀ tẹ́ ẹ sì gbé e jáde, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́rọ̀ onígbọ̀ngàn. Ẹ̀yin lẹ óò gba àṣẹ. Bí ẹ bá sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà tàbí tú u sí èdè mìíràn, ẹ ní láti bi ẹni tó ni ín. Àmọ́ kí òfin tó dé, ẹnu wà. Ẹnu kì í náni lówó. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ orin, ẹ dárúkọ ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀. N kì í jẹ́ kí ọmọ tí mo kọ́ gba máìkì láìṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mọ ìdí rẹ̀, torí mo ti sọ ìtàn yìí títí ó fi sú wọn.

Ní 1939, Solomon Linda, ọmọ Zulu ní Gúúsù Áfíríkà, kọ orin kan tó pè ní Mbube, ìyẹn kìnnìún, òun àti àwọn ẹlẹ́gbè rẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ló gbà lórí rẹ̀. Orin náà dé Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Weavers gbọ́ ọ. Ohun tí àwọn ẹlẹ́gbè Linda ń sọ ni "uyimbube", ìwọ ni kìnnìún. Etí àwọn Weavers gbọ́ "wimoweh", wọ́n sì fi orúkọ àìgbọ́dáadáa yẹn pe orin náà. Ní 1961, ẹgbẹ́ Tokens sọ ọ́ di The Lion Sleeps Tonight, gbogbo ayé kọ ọ́. Linda kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tálákà ni. Ọdún 2006 ni àwọn ọmọ rẹ̀ tó bá àwọn tó ń jẹun lórí orin náà parí ẹjọ́. Àwọn tó kọ ọ́ kò ṣèèṣì yàn. Orin tó dáa ni wọ́n yàn, wọ́n sì kọ ọ́ dáadáa. Orúkọ ni wọn ò dá.

Mo ti sọ̀rọ̀ gùn, mo mọ̀. Ẹ bá mi kí òǹkọ̀wé yín, ẹ sọ fún un pé à ń pàdé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, kó wá jókòó tì wá. Ọmọ tó bá mi jiyàn lórí UB40 ti rí orin tó fẹ́ kọ báyìí. A ti sọ kíì rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a tún gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ kejì ló kù tí kò tíì lè sọ lójú mi láìrẹ́rìn-ín.

Mo sì mọ̀ pé àyè inú ìwé ìròyìn yín ò pọ̀. Bí ẹ bá máa gé lẹ́tà yìí kúrú, ẹ gé ti Whitney, ẹ gé ìtìjú mi ti 1994, ẹ tilẹ̀ gé ti Aretha bó bá di dandan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ orúkọ Solomon Linda.

Èmi ni tiyín,
Ẹlẹ́gbè Àtijọ́